“Iná Ò Gbé E”: Èdè Yorùbá àti Títú Ìṣòro Ìyípo Iná Mọ̀nàmọ́ná ní Kíláàsì

Ìfáárà

Ìṣòro kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń kọ́ nípa ìyípo iná mọ̀nàmọ́ná fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tí ó mọ ìṣirò dáadáa, tí ìdá àti ìdọ́gba kò ni lára, a máa kọsẹ̀ bí wọ́n bá ya bátìrì kan àti adènà mẹ́ta síwájú rẹ̀. Ó mọ òfin Ohm lórí. Ó lè kà á bí ẹni ka A, B, D. Síbẹ̀, nígbà tí ó bá tó àkókò láti lò ó, yóò mú nọ́ńbà méjì tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rí, yóò fi ọ̀kan pín èkejì, yóò sì fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn. Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì sábà máa ń di ẹ̀bi èyí ru ìṣirò. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé èdè ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà nígbà púpọ̀, àti pé iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún olùkọ́ èdè Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò kọ́ ọmọ ní Yorùbá, yóò sì kọ́ ọmọ kan náà ní sáyẹ́ǹsì. Ẹnu kan náà ni yóò fi ṣe méjèèjì. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà láìjẹ́ pé ó rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni jálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò pẹ́ láyé. Wọ́n fagi lé e ní 2025. Ṣùgbọ́n fífagi lé ìlànà lórí ìwé kò fagi lé èdè tí ọmọ fi ń ronú. Ọmọ tí wọ́n bi ní ìbéèrè nípa iná ní èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò kọ́kọ́ gbé e lọ sílé, sínú ọ̀rọ̀ tí ó ń gbọ́ lẹ́nu ìyá àti bàbá rẹ̀, kí ó tó gbé e padà wá sí kíláàsì.

Iná Mélòó Ni Ó Wà Nínú “Iná”?

Nínú ilé Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí wọ́n bá ní “iná ti dé”, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn tí ń pín iná ti dá a padà sí àdúgbò. Bí wọ́n bá ní “iná yìí ò gbé fíríìjì”, fọ́lítéèjì ni wọ́n ń sọ, bí wọn kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní “iná gbé e”, ìṣàn tí ó gba ara ènìyàn kọjá ni. Bí ìyá ilé bá kìlọ̀ pé áyọ́ọ̀nù ń jẹ iná, agbára ni ó ń sọ, ó sì tún ń sọ owó. “Pa iná” wá jẹ́ gílóòbù. Bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì dé ọ̀dọ̀ iná tí a fi ń dáná.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò tún nǹkan ṣe. Bí iná àdúgbò bá rẹlẹ̀, àwọn ènìyàn a ní “áàfù kọ́rẹ́ǹtì” ni wọ́n mú wá. Kọ́rẹ́ǹtì ni orúkọ tí ìwé fún ìṣàn. Ohun tí ó sì dín kù ní àdúgbò náà ni fọ́lítéèjì. Ìṣirò kékeré kan yóò fi ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣini lọ́nà hàn. Gílóòbù àtijọ́ kan, irú èyí tí ó ní okùn irin tín-ín-rín nínú, ni wọ́n kọ 240 V, 60 W sí lára. Ìṣàn inú rẹ̀ nígbà tí iná pé jẹ́ 60 ÷ 240, èyí ni 0.25 A, ìdènà rẹ̀ sì jẹ́ 240 ÷ 0.25, èyí ni 960 Ω. Bí fọ́lítéèjì bá já sí 120 V, ìṣàn yóò di 120 ÷ 960 = 0.125 A. Agbára rẹ̀ yóò wá di 120 × 0.125 = 15 W. Fọ́lítéèjì jẹ́ ìdajì, ìṣàn jẹ́ ìdajì, ṣùgbọ́n agbára jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin péré. Èwo nínú wọn ni “áàfù”? (Ní òtítọ́, ìdènà okùn irin yẹn máa ń dín kù bí kò bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà agbára yóò ju 15 W lọ díẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè fi ìyẹn sílẹ̀ ná.)

Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí sọ pé èdè Yorùbá kò tó sáyẹ́ǹsì í sọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Roger Osborne ní New Zealand àti David Shipstone ní England ṣe ìwádìí lórí ohun tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn gbà gbọ́ nípa iná, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ gbà pé gílóòbù máa ń lo ìṣàn tán díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń kọjá. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń sọ. Àṣìṣe náà kárí ayé. Ohun tí ó jẹ́ ti Yorùbá níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣe “jẹ”, nítorí pé ohun tí a bá jẹ kò sí mọ́. Ọmọ tí ó ti ń gbọ́ láti kékeré pé gílóòbù ń jẹ iná yóò gbà pé bí gílóòbù méjì bá tò tẹ̀lé ara wọn, èyí tí ó wà níwájú yóò jẹ, èyí tí ó wà lẹ́yìn yóò sì jẹ àjẹkù. Kò sí ìṣirò tí ó lè tọ́ lórí ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, ìṣàn ni I, tí wọ́n ń fi áńpíà wọ̀n (A). Ìdènà ni R, tí wọ́n ń fi óòmù wọ̀n (Ω); ohun tí ó ní ìdènà nínú ìyípo sì ni adènà. Agbára ni P, tí wọ́n ń fi wáàtì wọ̀n (W). Fọ́lítéèjì ni V, tí wọ́n ń fi fọ́lítì wọ̀n. Àwọn kan lè fẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi dípò fọ́lítéèjì, bí “ìtì”. Ṣùgbọ́n ìtì ti wà fún igi àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn oníṣẹ́ iná sì ti sọ fọ́lítéèjì di tiwọn. Kò sí èrè nínú ọ̀rọ̀ tuntun tí yóò dá ìdàrúdàpọ̀ mìíràn sílẹ̀.

Aláàárù àti Ẹrù

Àpèjúwe tí ó máa ń tètè yé akẹ́kọ̀ọ́ ni ti aláàárù ọjà. Kí ó fojú inú wo ilé ìkẹ́rùsí kan, èyí ni bátìrì. Aláàárù kọ̀ọ̀kan gba ẹrù níbẹ̀, ó rìn dé ṣọ́ọ̀bù, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì padà lọ́wọ́ òfo wá gba òmíràn. Ìṣàn ni iye aláàárù tí ń kọjá lójú kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fọ́lítéèjì bátìrì ni ìwọ̀n ẹrù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé kúrò nílé ìkẹ́rùsí. Fọ́lítéèjì ṣọ́ọ̀bù ni ìwọ̀n tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Agbára ni àpapọ̀ ẹrù tí ṣọ́ọ̀bù ń gbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn iye aláàárù ní ìlọ́po ìwọ̀n tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀. Ibẹ̀ ni P = V × I ti wá. Ṣọ́ọ̀bù kò jẹ aláàárù. Ẹrù ni ó gbà. Iye aláàárù tí ó wọlé ni ó jáde.

Àpèjúwe náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ṣọ́ọ̀bù bá jẹ́ méjì lójú ọ̀nà kan, aláàárù gbọ́dọ̀ ti mọ iye tí yóò sọ̀ ní ti àkọ́kọ́ kí ó tó rí èkejì, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò sì ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé gbogbo ìyípo máa ń bá ara rẹ̀ dọ́gba lọ́gán tí wọ́n bá tan súìṣì, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí ìgbà tí ó ń ṣe é. Ó yẹ kí olùkọ́ sọ èyí kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bi í. Kí ó tún sọ pé, nínú ìṣirò, ìṣàn máa ń ti orí bátìrì, níbi tí wọ́n kọ + sí, gba inú ìyípo lọ sí ìdí rẹ̀. Àṣà yìí ti wà kí J. J. Thomson tó fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù hàn ayé ní 1897; òdìkejì ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fúnra wọn ń lọ nínú wáyà, ṣùgbọ́n ìdáhùn kò yàtọ̀.

Ìdánwò kan wà tí kò gba ju bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì méjì tí ó bá ara wọn mu, àti wáyà díẹ̀. Kí olùkọ́ to gílóòbù méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, kí ó sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí wọ́n rò sílẹ̀ kí wọ́n tó fi wáyà kan bátìrì. Àwọn tí ó gbà pé iná jẹ́ jíjẹ yóò kọ ọ́ pé ti iwájú ni yóò mọ́lẹ̀ jù. Méjèèjì yóò mọ́lẹ̀ bákan náà. Kí wọ́n yí bátìrì padà, kí orí di ìdí: bákan náà ni yóò rí. Iná ilé kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi irú èyí dánwò.

“Nínú” àti “Láàárín”

Georg Simon Ohm, tí òfin V = I × R ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni ní ìlú Cologne ní Jámánì nígbà tí ó ṣe àwọn ìdánwò rẹ̀; ìwé rẹ̀ jáde ní Berlin ní 1827. Òfin náà kúrú, ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ̀ kò pé bí a bá kà á ní lẹ́tà mẹ́ta nìkan. Bí ó ṣe yẹ kí ó jáde lẹ́nu ni pé: fọ́lítéèjì láàárín ẹnu méjèèjì adènà kan dọ́gba pẹ̀lú ìṣàn inú adènà náà gan-an ní ìlọ́po ìdènà rẹ̀. Ìṣàn wà “nínú” nǹkan. Fọ́lítéèjì wà “láàárín” ojú méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní “fọ́lítéèjì 18” tí kò sọ láàárín ibo àti ibo kò tíì parí gbólóhùn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ní “ó jìnnà tó máìlì mẹ́ta” tí kò sọ láti ibo dé ibo. Ìmọ̀ gírámà kékeré yìí ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí títú ìyípo iná ń béèrè.

Ẹ wo ìṣòro yìí. Bátìrì 18 V kan ni wọ́n so mọ́ adènà 4 Ω. Lẹ́yìn adènà yìí, wáyà yà sí méjì; ẹ̀ka kan ní adènà 3 Ω, èkejì ní 6 Ω. Ẹ̀ka méjèèjì tún pàdé, wọ́n sì padà sí ìdí bátìrì. Kí ni ìṣàn inú adènà kọ̀ọ̀kan?

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kánjú yóò fi 4 pín 18, yóò rí 4.5 A; yóò fi 3 pín 18, yóò rí 6 A; yóò fi 6 pín 18, yóò rí 3 A. Kí olùkọ́ má ṣe fa igi lé e lójú ẹsẹ̀. Kí ó ní kí ó dúró ní oríta tí wáyà ti yà, kí ó ka aláàárù: 4.5 ni ó wọlé, 6 àti 3 ni ó jáde, ìyẹn 9. Níbo ni 4.5 tí ó lé ti wá? Bátìrì 18 V náà ni ó mú fún adènà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ ni 18 V wà láàárín orí bátìrì àti ìdí rẹ̀, kì í ṣe láàárín ẹnu méjèèjì adènà kankan nínú wọn.

Ọ̀nà tí ó tọ́ jọ kíká ẹní àti títú u. Ẹ̀ka méjèèjì ni a óò kọ́kọ́ ká di ọ̀kan. Nítorí pé wọ́n wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, 1/3 + 1/6 = 1/2, ìdènà wọn lápapọ̀ jẹ́ 2 Ω. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu pé àpapọ̀ kéré sí èyí tí ó kéré jù nínú méjèèjì. Ọ̀nà tóóró méjì sàn ju ọ̀nà tóóró kan lọ fún ẹni tí ń kọjá. Ní báyìí, 4 Ω àti 2 Ω tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n jẹ́ 6 Ω. Láàárín orí bátìrì àti ìdí rẹ̀, 18 V dojú kọ 6 Ω, nítorí náà ìṣàn jẹ́ 3 A. Ibí ni ẹní ti ká tán.

Títú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Gbogbo 3 A ń gba inú adènà 4 Ω kọjá, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn; fọ́lítéèjì láàárín ẹnu rẹ̀ méjèèjì jẹ́ 3 × 4 = 12 V. Ohun tí ó kù láàárín oríta àkọ́kọ́ àti ìkejì jẹ́ 18 − 12 = 6 V. Ẹ̀ka méjèèjì pín oríta méjèèjì ní, nítorí náà 6 V kan náà ni ó wà láàárín ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: 6 ÷ 3 = 2 A, 6 ÷ 6 = 1 A. Ní oríta, 3 A wọlé, 2 A àti 1 A jáde. Bí a bá fẹ́ ẹ̀rí kejì, bátìrì ń fúnni ní 18 × 3 = 54 W; àwọn adènà ń gba 12 × 3 = 36 W, 6 × 2 = 12 W àti 6 × 1 = 6 W. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 54. Agbára ni wọ́n jẹ, wọn kò jẹ ìṣàn.

Ìbéèrè kan tún wà tí ó dára fún ìjíròrò. Bí a bá to gílóòbù 60 W àti 100 W, tí wọ́n kọ 240 V sí lára méjèèjì, tẹ̀lé ara wọn lórí iná 240 V, èwo ni yóò mọ́lẹ̀ jù? Ẹni gbogbo ni yóò dáhùn pé 100 W. Ìdènà ti 60 W jẹ́ 960 Ω, ti 100 W jẹ́ 576 Ω. Bí a bá gbà pé ìdènà kò yí padà, ìṣàn inú méjèèjì jẹ́ 240 ÷ 1536, bíi 0.156 A. Gílóòbù 60 W yóò gba nǹkan bíi 23.4 W, ti 100 W yóò sì gba nǹkan bíi 14.1 W. Èyí tí wọ́n ń pè ní kékeré ni ó mọ́lẹ̀ jù. Nọ́ńbà ara gílóòbù kì í ṣe ohun tí ó ń jẹ níbikíbi tí ó bá wà. Ohun tí yóò gbà ni nígbà tí 240 V bá wà láàárín ẹnu rẹ̀ méjèèjì. “Láàárín” ni gbogbo rẹ̀ padà sí.

Oríta Tí Bátìrì Méjì Pàdé

Àwọn ìyípo kan wà tí kò ṣeé ká. Gustav Kirchhoff gbé òfin méjì jáde lórí irú wọn ní 1845, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Königsberg, tí kò ju ẹni ọdún mọ́kànlélógún lọ. A lè pe èkíní ní òfin oríta: ìṣàn tí ó wọ oríta dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ó jáde, nítorí kò sí aláàárù tí ń sùn ní oríta. Èkejì ni òfin ìyípo: bí a bá rìn yí ìyípo kan ká padà sí ibi tí a ti gbéra, fọ́lítéèjì tí a gbà dọ́gba pẹ̀lú èyí tí a sọ̀ sílẹ̀.

Bátìrì 10 V kan gba adènà 2 Ω dé oríta. Bátìrì 4 V mìíràn gba adènà 2 Ω tirẹ̀ dé oríta kan náà. Láti oríta yìí, adènà 6 Ω kan so padà mọ́ ìdí bátìrì méjèèjì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ pe ìṣàn tí ń ti bátìrì 10 V wá sí oríta ní I₁, kí ó pe ti bátìrì 4 V ní I₂. Òfin oríta sọ pé I₁ + I₂ ni yóò gba inú 6 Ω. Òfin ìyípo wá fúnni ní méjì:

10 = 2I₁ + 6(I₁ + I₂), èyí ni 8I₁ + 6I₂ = 10
4 = 2I₂ + 6(I₁ + I₂), èyí ni 6I₁ + 8I₂ = 4

Bí a bá sọ èkíní di ìlọ́po mẹ́rin, tí a sọ èkejì di ìlọ́po mẹ́ta, 24I₂ yóò wà nínú méjèèjì. Bí a bá yọ èkejì kúrò nínú èkíní, 14I₁ = 28 ni yóò kù. I₁ jẹ́ 2 A, I₂ sì jẹ́ −1 A.

Ibí ni akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ti máa ń bẹ̀rù. Àwọn kan a pa àmì òdì náà rẹ́ wẹ́rẹ́, àwọn mìíràn a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ̀tun. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ya ọfà I₂ sí oríta; àmì òdì wulẹ̀ ń dá a lóhùn pé òdìkejì ni ìṣàn náà ń lọ. Ìdí rẹ̀ kò farasin: ìṣàn inú 6 Ω jẹ́ 1 A, nítorí náà 6 V wà láàárín oríta àti ìdí bátìrì méjèèjì. Bátìrì 4 V kò lè ti nǹkan kan sí ibi tí 6 V wà. Òun ni wọ́n ń tì. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí a lè ṣáàjì, ṣíṣáàjì ni wọ́n ń ṣáàjì rẹ̀. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí bátìrì ọkọ̀ nìyẹn bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, awakọ̀ tí kò kọ́ nípa Kirchhoff rí sì mọ̀ ọ́n.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò ìparí lórí ẹ̀kọ́ yìí, nítorí náà kí olùkọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ tí ìwé ń lò lẹ́yìn tí ohun náà bá ti yé e. Lẹ́tà I, V, R àti P kò ní èdè; wọn yóò bá a lọ sí gbọ̀ngàn ìdánwò bí ó ti kọ́ wọn.

Ìdánrawò

1. Adènà 2 Ω àti 4 Ω tò tẹ̀lé ara wọn lórí bátìrì 12 V. Wá ìṣàn, kí o sì sọ fọ́lítéèjì láàárín ẹnu méjèèjì ọ̀kọ̀ọ̀kan.

2. Adènà 3 Ω àti 6 Ω wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí bátìrì 12 V. Wá ìṣàn inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wáyà ẹ̀ka 3 Ω já: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ìṣàn inú 6 Ω?

3. Nínú ìyípo oní-bátìrì méjì tí ó wà lókè, fọ́lítéèjì mélòó ni bátìrì kejì gbọ́dọ̀ ní kí I₂ lè jẹ́ òdo?

Ìdáhùn: (1) 2 A, 4 V àti 8 V. (2) 4 A àti 2 A. Ìṣàn inú 6 Ω kò yí padà, 2 A náà ni, nítorí 12 V ṣì wà láàárín ẹnu rẹ̀ méjèèjì. (3) 7.5 V.